Àdúà Ẹ̀yìn Oúnjẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ẹni tó gbé mi láti orí ẹní ilé-kéú ní Ìbà dé ibi tí mi ò jẹ́ fi ẹnu ara mi tọrọ. Mo dúpẹ́ fún ojú tí mo fi ń ríran, mo dúpẹ́ fún ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo dúpẹ́ jù lọ fún bàbá tó bí mi, tí wọ́n ṣì wà láàyè lónìí, tí ohùn wọn ṣì ń jí àwọn aládùúgbò fún ìrun àsùbáà. Mo ṣiṣẹ́ báńkì títí mo fi di ọ̀gá gbogbo ẹkùn wa, mo ṣe mínísítà, mo sì ti padà sílé ní àlááfíà. Nínú gbogbo oore tí Ọlọ́hun ṣe fún mi lójú ọ̀nà yẹn, èyí tí mo fẹ́ sọ lè kéré lójú ẹlòmíì. Oúnjẹ kan tí bàbá mi jẹ ni.

Àlùfáà ni bàbá mi. Ìlú kékeré kan lápá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó. Okokomáíkò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìbà, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbin ẹ̀gẹ́ síbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà báyìí. Yàrá méjì ni wọ́n kọ́. Wọ́n fi páànù bo iwájú ilé, abẹ́ páànù yẹn sì ni ilé-kéú. Fìlà ni wọ́n ń rán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í lo maṣíìnì. Owó fìlà yẹn, àti owó Àlàrùbá tí àwọn ọmọ kéú ń mú wá ní gbogbo ọjọ́rú, ni wọ́n fi tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin lẹ́yìn tí ìyá wa ṣaláìsí.

Èmi náà ka kéú lábẹ́ páànù yẹn kí n tó lọ sí ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ mùsùlùmí kan dá sílẹ̀. Abẹ́ páànù yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí Àlùkùránì sọ nípa èlé orí owó, pé èèwọ̀ ni. Bí ọmọ bá kà dé ibẹ̀, bàbá mi á gbé pàṣán sílẹ̀. Wọ́n á ní kí gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n á wá fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹ̀sọ̀, bí ẹni tó ń fi ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ han ọmọ rẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi wáṣẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì. Báńkì ló gbà mí, ní ẹ̀ka wọn tó wà ní Okokomáíkò. Mo ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí fún bàbá mi, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ níbẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo ṣe bí gbogbo ọmọ tó bá ríṣẹ́ ṣe ń ṣe. Mo ra àpò ìrẹsì kan, mo ra òróró, mo ra itan àgbò, mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú bàbá mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àbúrò mi.

"Gbé ìrẹsì yìí fún ìyá Ègùn tó wà lẹ́yìnkùlé. Gbé òróró fún àwọn ará ilé kejì. Ẹran yẹn, pín in fún àwọn ọmọ kéú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò mú nǹkan kan nínú ẹ̀?"

"Mo ti gbà á, ọmọ mi. Mo sì ti ṣàdúà sí i. Jíjẹ ni mi ò ní jẹ ẹ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. O ti dàgbà, ìwọ lo mọ ohun tí wàá sọ fún Ọlọ́hun nípa iṣẹ́ rẹ. Tèmi ni mò ń sọ. Bí mo bá jẹ owó èlé lónìí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ yìí lọ́la? Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò ní jẹ nínú owó báńkì."

Wọn ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ká ní wọ́n pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan bá wọn jà sí. Wọ́n kàn mú abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n ń bá fìlà wọn lọ.

Mi ò kọ èyí láti dá òṣìṣẹ́ báńkì kankan lẹ́bi. Àwọn àlùfáà tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ mi, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fowó pa mọ́ lọ́dọ̀ wa. Èmi náà gbà pé ibẹ̀ ni Ọlọ́hun fi oúnjẹ mi sí, mo sì fi gbogbo ara ṣe é. Èmi kì í buwọ́ lu ìwé owó-yíyá oníṣòwò tí mi ò tíì dé ìsọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí páálí tẹlifíṣọ̀n ní Alába, mo bá àwọn tó ń wa yanrìn jẹ ẹja yíyan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé mi sókè, títí gbogbo ẹ̀ka láti Alába dé Badagry fi wà lábẹ́ mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọn ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ kéú náà ń dín kù, torí àwọn òbí ní Ìbà ti ń fi ọmọ wọn sí lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ìwé. Dókítà tún ní ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn. Àbúrò mi, tó ń ta ẹ̀wà àti gaàrí lọ́jà Ìbà, ló ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan mo yà sílé, mo bá bàbá mi tí wọ́n ń mu gaàrí lásán, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kí wọ́n jìnnà sí gaàrí.

Mo lọ bá àbúrò mi ní ìsọ̀. Mo sọ fún un pé màá máa kó ọjà sí i fún un: ẹ̀wà, ìrẹsì òfadà, ẹja, ẹ̀fọ́. Kó máa mú nínú rẹ̀, kó máa sè é fún Bàbá.

Ó gbé kóńgò tó fi ń wọn ẹ̀wà kalẹ̀. "Ohun tó bá ti wọ ìsọ̀ mi, tèmi ni," ló wí. "Bí wọ́n bá bi mí, màá ní tèmi ni."

Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ̀bùn ni lóòótọ́, ì bá lè tà á, ì bá lè fi ra aṣọ. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ikùn bàbá wa ni mo rà á fún, a kàn gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá ni.

Bí bàbá mi bá fọwọ́ kan àwo, wọ́n máa ń bèèrè pé, "Ọwọ́ ta lèyí ti wá?"

Àbúrò mi á ní, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá." Bó bá ń sọ ọ́, ìkòkò ló máa ń wò.

Wọ́n á jẹun. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ṣàdúà fún ẹni tó bọ́ wọn. Wọ́n á ní kí Ọlọ́hun bù sí i fún àbúrò mi, kí ó ṣí ọ̀nà fún un, kí ebi má pa á, kí ó má rí ojú aṣení. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹní, màá máa gbọ́ ọ. Orúkọ mi kì í sí níbẹ̀. Wọ́n ń ṣàdúà fún mi nígbà mìíràn, kí n má purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn oúnjẹ yẹn yàtọ̀. Ti ẹni tó bọ́ wọn ni. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ lábẹ́ mi, síbẹ̀ mò ń ṣe ìlara àbúrò mi nítorí àdúà.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí rédíò kéde orúkọ mi pé mo wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi ṣe mínísítà, òpópónà wa kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé láyìíká wá ya fọ́tò mọ́ páànù bàbá mi. Mo fi báńkì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ, ojú á tì mí láti sọ ọ́ fáwọn tó ń kí mi kú oríire: mò ń rò ó pé owó báńkì ti tán, bàbá mi á jẹ lọ́wọ́ mi wàyí.

Mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Bàbá, mi ò sí ní báńkì mọ́."

"Mo gbọ́, Mínísítà. Ṣé mínísítà ńlá ni àbí kékeré?"

"Kékeré ni. Ẹnìkan wà lókè mi."

"Ìyẹn dáa. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wàá rí ẹni nàka sí."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín láti ìdí àdògán. Mo ní, "Owó oṣù ìjọba ni màá máa gbà báyìí. Ẹ lè jẹ nínú tìyẹn."

"Ìjọba kì í yáwó ní báńkì ni?"

Mo wo rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ojú mi ni kò ríran, mò ń gbọ́ rédíò," ni wọ́n wí. "Lánàá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta owó èlé lo wà. Lónìí, o ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà á." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò mi sí Àbújá, bàbá mi pe àwọn àlùfáà bíi mélòó kan wá ka Àlùkùránì fún mi. A kírun alásàrì tán, a jókòó lábẹ́ páànù pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú. Bàbá mi tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ kí àdúà tó bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mi ò jẹ nínú owó iṣẹ́ ọmọ yìí. Kò torí ẹ̀ kẹ̀yìn sí mi. Kò sì tàn mí jẹ rí, kódà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọlọ́hun, nítorí òótọ́ tó fi bá mi lò, má ṣe jẹ́ kí irọ́ borí rẹ̀ níbi tó ń lọ."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Mo wo ẹnu ọ̀nà níbi tí àbúrò mi dúró sí, òun náà sì ti sorí kọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"O gbọ́ àdúà yẹn."

"Mo gbọ́ ọ. Àgbàlagbà ni wọ́n, ṣúgà sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá gbọ́, tí wọ́n bá kọ oúnjẹ pátápátá ńkọ́? Ẹ̀yin ń lọ sí Àbújá. Èmi ni màá máa gbé àwo wọlé, gbé àwo jáde."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kì í ṣe nítorí ṣúgà nìkan. Mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá gbọ́, ó lè jẹ́ pé mi ò ní gbọ́ àdúà ẹ̀yìn oúnjẹ lẹ́nu wọn láéláé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òótọ́ tí mi ò ní bẹ Ọlọ́hun fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé irú àdúà bẹ́ẹ̀ lọ búra ní iwájú gbogbo ìlú?

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Àbúrò mi tẹ̀lé mi wọlé, òun náà kúnlẹ̀. Tẹ̀sùbáà tí bàbá mi ń fà dúró lọ́wọ́ wọn.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá."

Wọ́n yíjú sí apá ibi tí wọ́n ti gbọ́ mímí àbúrò mi. "Ìwọ náà?"

"Èmi ni mò ń sè é, Bàbá."

"Gbogbo àdúà tí mò ń ṣe fún ẹ ńkọ́?"

"Mò ń ṣe àmín sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e mì. Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà bíi mélòó kan. A ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé kejì. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọlọ́hun kì í bi ẹni tí kò mọ̀ léèrè. Mo mọ ìyẹn, òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti búra, oúnjẹ yẹn sì ti gba ọ̀fun mi kọjá. Ọkàn mi ò ní balẹ̀. Màá san ìtanràn ìbúra: màá bọ́ aláìní mẹ́wàá, owó ọwọ́ mi ni màá sì fi bọ́ wọn."

Mo ní, "Owó ọwọ́ yín wo, Bàbá? Ẹ ò rán fìlà mọ́."

"Màá rán an. Ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi ò fọ́."

"Ta ló máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́?"

"Ìwọ ni. Àbí mínísítà kékeré kì í ráyè ní Sátidé?"

Wọ́n búra fún wa ní Àbújá lọ́jọ́ Ajé. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mò ń wọkọ̀ òfuurufú padà sí Èkó, tí ilẹ̀ Sátidé bá sì mọ́, mo ti wà lórí ẹní ní Ìbà. Àbúrò mi ti kó gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi jáde nínú ìsọ̀ rẹ̀, a pín in fún ará àdúgbò. Oúnjẹ bàbá mi kéré sí i lóòótọ́. Ìrora ni fún mi láti wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn ò kọ oúnjẹ pátápátá bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí n sì máa jẹ́ ojú fún wọn. Bí wọ́n bá rán ojú ìrán kan tán lára fìlà, wọ́n á fi àtàǹpàkò wọ́ ọ wò, wọ́n á nà án sí mi.

"Ṣé ó gún?"

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wò ó. Ó wọ́ sápá òsì. Wọ́n ti ń rán ojú yẹn láti òwúrọ̀, ọ̀rùn wọn sì ti ń dùn wọ́n. Mo ní, "Ó gún, Bàbá."

Wọ́n gbé e sórí orúnkún, wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Bàbá, kò gún. Ó wọ́ sápá òsì."

"Tú u," ni wọ́n wí. Mo tú u. Láti ìgbà yẹn, bó bá gún, màá ní ó gún. Bó bá wọ́, màá ní ó wọ́. Tútú rẹ̀ pọ̀ ju rírán lọ. Lọ́jọ́ kan fóònù mi ń dún ṣáá, akọ̀wé mi ló ń pè láti Àbújá. Bàbá mi ní, "Gbé e, kí o sọ fún wọn pé mínísítà ń tú òwú." Àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀lé mi, tí wọ́n ń jẹ àkàrà àbúrò mi níta, gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín títí a fi lọ.

Nígbà tí fìlà mẹ́ta ti ṣe, mo gbé wọn lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta fìlà nítòsí mọ́ṣáláṣí ní Okokomáíkò. Mo rò pé mò ń ran Bàbá lọ́wọ́ ni. Ọkùnrin náà sọ fún àwọn oníbàárà pé ilé mínísítà ni fìlà yìí ti wá. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi rà á ní ìlọ́po márùn-ún iye tó yẹ. Mo sáré gbé owó náà dé ilé.

Bàbá mi ní, "Èló ni wọ́n ń ta fìlà mi tẹ́lẹ̀?" Mo sọ ọ́. "Èló wá lèyí?" Mo sọ ìyẹn náà.

"Wọn ò ra fìlà. Mínísítà ni wọ́n rà. Dá èyí tó lé padà."

Mo lọ dá a padà. Oníṣọ́ọ̀bù náà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ló ń ta wọ́n lọ́jà Ìbà, láàárín ẹ̀wà àti gaàrí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ ta ló rán wọn.

Oṣù mẹ́ta ló gbà wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àwọn mẹ́wàá náà péjọ sábẹ́ páànù lẹ́yìn ìrun: ìyá Ègùn tó wà lẹ́yìnkùlé, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ọwọ́ wọn ò bá oúnjẹ mọ́, ọkùnrin kan tó máa ń tún bàtà ṣe ní ìdíkọ̀ Okokomáíkò kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àtàwọn mìíràn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni àbúrò mi sè, pẹ̀lú ẹja. Wọ́n jẹ, wọ́n yó. Nígbà tí wọ́n lọ, ó kù díẹ̀ nínú ìkòkò. Àbúrò mi bu èyí tó mọ níwọ̀n sáwo, ó gbé e síwájú bàbá mi.

Wọ́n fọwọ́ kan etí àwo. "Ọwọ́ ta lèyí ti wá?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo ìkòkò. "Ọwọ́ yín ni, Bàbá. Àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọwọ́ rẹ̀ wo?"

"Èyí tó fi ki òwú."

Ọwọ́ wọn ṣì wà létí àwo. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tì í sẹ́yìn. Wọ́n ṣe bísímílàhì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n mu omi, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́hun á bù sí i fún ọwọ́ tó sè é."

Àbúrò mi ṣe àmín. Ọwọ́ wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Ọlọ́hun á bù sí i fún ọwọ́ tó ki òwú, àti ẹnu tó sọ fún mi pé kò gún."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Àbúrò mi ló bá mi ṣe àmín.

Bàbá mi ò jẹ nínú owó oṣù mínísítà, mi ò sì bi wọ́n léèrè mọ́. Mo lo ìyókù àkókò mi ní Àbújá bí mo ṣe lè lò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbé fáìlì wá, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti gún. Mo kọ́ láti máa sọ fún wọn pé, "Ẹ fi ibi tó wọ́ hàn mí." Àwọn kan fẹ́ràn mi nítorí ẹ̀, àwọn kan ò fẹ́ràn mi. Nígbà tí ìjọba tún àwọn mínísítà tò, orúkọ mi ò sí níbẹ̀, mo sì padà wálé láìsí ìjà.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òótọ́ rọrùn lẹ́nu yín níwájú àwọn tó bí yín. Bí òbí yín bá ṣì wà láyé, kí wọ́n jẹ lọ́wọ́ yín, kí ó sì ṣe wọ́n lóore. Bí wọ́n bá ti lọ, kí Ọlọ́hun gba sàráà tí ẹ ṣe fún wọn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́, kí oúnjẹ má wọ́n nílé yín, kí ẹ sì rí ẹni ṣàdúà fún yín lẹ́yìn oúnjẹ, tí á mọ̀ pé ẹ̀yin lòun ń ṣe é fún. Àmín.